Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún àwọn ọmọ girama: kí ni mo lè ṣe tí wọn kò fi ní í mọ olè ní orí kẹta?

Àlàkẹ́ Onítàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ ìwé ìtàn àròsọ kan lọ́wọ́ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ SS1 sí SS3. Ilé-ìwé girama kan tó ní họ́sítẹ̀lì, ní agbègbè Ìjẹ̀bú, ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Owó WAEC tí kíláàsì SS3 dá jọ sọnù lálẹ́ nínú àpótí ọmọbìnrin tó ń gbà á jọ, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n kó o fún bọ́sà. Ọmọ SS2 kan, Mọ́rẹ́nikẹ́, ló ń wádìí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Mo fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìkàwé kan ní Abẹ́òkúta ní àwọn orí àkọ́kọ́ kí wọ́n bá mi kà á. Èdè rẹ̀ dùn mọ́ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ka orí kẹta tán, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ní bọ́sà ló jí i. Òun náà sì ni. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, òun nìkan lẹ sọ pé ó ń lejú koko." Òmíràn ní kò wu òun kà mọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó kú. Ní ìparí, ọlọ́pàá kan ló ti Ìjẹ̀bú-Òde wá tó ṣàlàyé bí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Ṣé dandan ni kí ẹnìkan kú? Báwo ni mo ṣe lè fi olè pamọ́ láì parọ́ fún òǹkàwé? Kí ni kí n ṣe sí àwọn àgbà inú ìtàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọ́n mi lé, òótọ́ ni mo fẹ́.

Ọmọ Ọjà'ba

Àǹtí Àlàkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lójú tèmi, ọmọ tó ní kò sẹ́ni tó kú yẹn ló sọ̀rọ̀ jù. Owó ń sọnù ní họ́sítẹ̀lì ní gbogbo ìgbà. Ta ló fẹ́ ka igba ojú ewé nítorí owó? Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá òkú ẹnìkan lẹ́yìn ilé ìdáná ní orí kìíní, ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó máa gbé ìwé yẹn sílẹ̀.

Bàbá Àgọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ni mo sì pẹ́ sí jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá kú ikú tí kò yéni ní ilé-ìwé tó ní họ́sítẹ̀lì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òbí ti kún ẹnu géètì. Wọ́n á máa kó ọmọ wọn àti ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Ìjọba lè ti ilé-ìwé náà pa. Láàrin ọjọ́ méjì, afurasí kan wà ní Ṣàgámù, ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ọ̀kan ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó. Mọ́rẹ́nikẹ́ pàápàá, ilé bàbá rẹ̀ ló máa wà. Ta ló máa wádìí, ta ló sì máa wádìí lọ́wọ́ rẹ̀?

Owó tó sọnù ni kì í tú ilé-ìwé ká. Ọ̀gá ilé-ìwé gan-an kò ní fẹ́ kó jáde síta, nítorí orúkọ ilé-ìwé. Yóò ní kí wọ́n jẹ́ ká yanjú rẹ̀ láàrin ara wa. Àyè tí ọmọdé rí láti ṣe ìwádìí nìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu.

Ẹ gbọ́ ti ọlọ́pàá tó wá ṣàlàyé ní ìparí. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pè wá, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, àwọn ìpínlẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ọlọ́pàá kò kàn gbọdọ̀ wọ́ ọmọ ọdún 16 lọ sí àgọ́ kó máa dẹ́rù bà á kó lè jẹ́wọ́. Òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọlọ́pàá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́, wọ́n wà. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan nínú ìtàn náà mọ̀ pé kò bófin mu, kó sì sọ ọ́ jáde.

Ọmọ Ọjà'ba

Bàbá, mo gbọ́ tiyín. Ṣé kò lè jẹ́ ikú àtijọ́ nígbà náà? Ọmọ kan tó kú ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ilé-ìwé sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀?

Bàbá Àgọ́

Ìyẹn lè dúró. Kò ní tú ẹnikẹ́ni ká. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn nìyẹn, kì í ṣe ti owó WAEC mọ́.

Ìyá Họ́sítẹ̀lì

Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi ti ṣe alábòójútó họ́sítẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí àwọn tó ń kọ irú ìwé yìí kì í lò tó ni aago. Ní họ́sítẹ̀lì, kò sí wákàtí tí ọmọ kò ní ibi tó yẹ kó wà. Aago lù, wọ́n jí. Aago lù, wọ́n tò lọ sí ilé oúnjẹ. Aago méje alẹ́ sí mẹ́sàn-án, prep ni, ìyẹn ìwé kíkà alẹ́ ní kíláàsì. Aago mẹ́wàá, ẹ paná. Pírífẹ́ẹ̀tì ń pe orúkọ, ó ń kọ orúkọ ẹni tí kò dáhùn sílẹ̀.

Àǹtí, ẹ sọ pé alẹ́ ni owó sọnù, ẹ kò sọ wákàtí. Ẹ fi sí ìgbà prep. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ á wá rọrùn débi tí ọmọ SS2 fi lè bi í: ta ni kò sí ní prep, ta ló sì ní àṣẹ láti má wà níbẹ̀? Ọmọ tó ń ṣàìsàn tó sùn sí yàrá ìtọ́jú. Àwọn tó ń pọn omi fún ilé ìdáná. Ẹni tí wọ́n rán sí ilé olùkọ́. Pírífẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tó ń yí kíláàsì ká, tí kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ tirẹ̀. Ẹ wò ó, ìwé ìpè orúkọ kan ti kó gbogbo afurasí yín jọ. Ẹ tún wo jẹnẹrétọ̀. Ilé-ìwé tí kò ní iná NEPA tó ṣeé gbọ́kàn lé máa ń tan án ní ìgbà prep. Bó bá kú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo kíláàsì á pariwo, òkùnkùn á ṣú, ẹnikẹ́ni lè jáde kó sì padà. Ẹni tó ń bu epo sí i á mọ ìṣẹ́jú tó kú gan-an.

Mo tún fẹ́ sọ ti ẹrù. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ nínú okùn, ó ń fi í wẹ̀, ó ń fi í sùn. Ọ̀dà èékánná ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sí ìdí garawa. Bí wọ́n bá jí garawa, olè á fi rézà ha orúkọ olówó rẹ̀ kúrò, á kọ tirẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìdí garawa yẹn sí oòrùn, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀: ibi tí rézà gbà kì í dán bí ibi yòókù, ẹ ó rí ìrísí lẹ́tà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Mo ti fi mú ọmọ rí. Bí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá ṣe irú èyí ní orí kejì lórí ọ̀rọ̀ garawa lásán, òǹkàwé á ti gbà pé ojú rẹ̀ ń ríran kí ọ̀rọ̀ owó tó dé. Ẹ kò tún ní í sọ pé ọmọ náà gbọ́n.

Fẹ́mi SS3

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. SS3 ni mo wà, mo sì máa ń ka irú ìwé yìí gan-an, èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ló pọ̀ jù torí pé òun ni mo ń rí.

Ohun tó ń jẹ́ kí n gbé ìwé sílẹ̀ ni kí ọmọ ọdún 16 máa sọ̀rọ̀ bí alága ìjọba ìbílẹ̀. Ohun kejì ni ìdí tí wọ́n fi ń hùwà. Nínú ìwé tí àwọn àgbà kọ, ojúkòkòrò ló máa ń mú olè jalè. Láàrin tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè jí owó WAEC nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò rí tirẹ̀ san, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kó sọ. Ẹnìkan lè jí i kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà lè kọ ìdánwò, torí pé ọ̀rẹ́ náà máa wọ yunifásítì lọ, á sì fi òun sílẹ̀. Ẹnìkan lè mọ olè kó má sọ, torí pé bó bá sọ, wọ́n á bi òun náà léèrè ibi tó wà ní ìgbà prep. Gbogbo ẹni tó wà ní kíláàsì ló ní nǹkan tó ń fi pamọ́ tí kò kan owó yẹn rárá. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ.

Àǹtí, ẹ má bínú, bọ́sà kò dùn wá. Àgbà ni, a sì ti mọ̀ pé àgbà lè kó owó jẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́, á dùn wá.

Olóòtú Ìwé

Fẹ́mi, o ṣeun. Kí gbogbo òǹkọ̀wé tó ń kọ fún ọ̀dọ́ tún ìpínrọ̀ rẹ kejì yẹn kà.

Àlàkẹ́, iṣẹ́ àtúntò ìwé ni mò ń ṣe, jẹ́ kí n wọ inú ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi olè pamọ́. Ní 1929, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, tí òun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, to òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún irú ìtàn yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni pé a gbọ́dọ̀ ti dárúkọ ọ̀daràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí òǹkàwé ti ń gbọ́ èrò inú rẹ̀. Òmíràn ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọdọ̀ rí àmì kan kó má fi han òǹkàwé lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní kí o fi gbogbo òfin náà ṣe ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n méjì yìí ni mo máa ń fi yẹ ìwé wò. Ọlọ́pàá Ìjẹ̀bú-Òde tìrẹ ṣẹ̀ sí èkejì. Ó mọ ohun tí a kò rí.

Ti bọ́sà: ohun tó tú u fó ni pé kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìtàn ju kó jẹ́ ìkà lọ. Fún olè ní iṣẹ́ mìíràn. Kó jẹ́ òun ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tàbí òun ló ń bá Mọ́rẹ́nikẹ́ wá ìdí ọ̀rọ̀. Bí òǹkàwé bá ti rí ohun tí ẹnìkan wà fún nínú ìtàn, kì í tún béèrè pé kí ló tún wá ṣe níbẹ̀.

Má sì lé bọ́sà lọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí gbogbo wa ṣe ń ronú nìyẹn, lò ó. Jẹ́ kí bọ́sà bá ọmọbìnrin tó ń gba owó jà lójú gbogbo ènìyàn lánàá, kí owó sì sọnù lónìí. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò so méjèèjì pọ̀. Ìwọ kò parọ́ kankan fún un.

Ọ̀rọ̀ mìíràn: Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀rí. Akin Olúṣínà tí Kọ́lá Akínlàdé kọ, àgbàlagbà tó ń fi iṣẹ́ ìwádìí jẹun ni. Wọ́n lè kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kí wọ́n bi í léèrè. Ọmọ SS2 kò lè bi igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé pé ibo lẹ wà lálẹ́ àná. Ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé. Kó bá wọn gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Kó bá olùkọ́ ru ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Kó kúnlẹ̀, kó kí wọn, kó bi ọmọ wọn. Àgbà máa ń sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó ń gbálẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọdé ti mọ ohun tí ọlọ́pàá kò lè mọ̀ láéláé.

Ọmọ Ọjà'ba

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, àlùfáà yín yẹn náà ló ní kò gbọdọ̀ sí agbára àìrí nínú ìtàn. Ìyẹn lè ṣeé ṣe lọ́dọ̀ tiwọn. Ní họ́sítẹ̀lì wa, bí nǹkan bá sọnù, wọ́n á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ Bíbélì, ẹni méjì á fi ìka gbé e dání, wọ́n á máa pe orúkọ. Bó bá ti yí lórí orúkọ rẹ, ó tán, ìwọ lolè. Madam Koi Koi ńkọ́, tí gbogbo ọmọ bọ́dìn máa ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lóru? Bí ẹ bá yọ gbogbo èyí kúrò, kò sí ọmọ tó máa gbà pé ilé-ìwé wa lẹ kọ.

Olóòtú Ìwé

Kó wà níbẹ̀ dáadáa. Ohun tí n kò fẹ́ ni kó jẹ́ òun ló tú àṣírí. Jẹ́ kí Bíbélì yí lórí orúkọ ẹ̀gbọ́n Mọ́rẹ́nikẹ́, kí gbogbo họ́sítẹ̀lì gbà á gbọ́, kí Mọ́rẹ́nikẹ́ sì máa wo ìka àwọn méjì tó gbé kọ́kọ́rọ́ náà dání. Ta ló dábàá pé kí wọ́n ṣe é? Ta ló yọ̀ǹda láti gbé e?

Ìyá Họ́sítẹ̀lì

Ti Madam Koi Koi, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́sítẹ̀lì dá lóru kò ní láti ṣe ju kó wọ bàtà gogoro rìn lórí sìmẹ́ǹtì lọ. Gbogbo ọmọ á fi aṣọ borí, kò sẹ́ni tó máa yọjú. Bí olè bá fẹ́ gbé owó kúrò níbi tó kọ́kọ́ fi pamọ́ sí, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n sáńdálì àti sílípáàsì ni ọmọ ń kó wá sí ilé-ìwé. Níbo ni ọmọ ti rí bàtà gogoro? Kí Mọ́rẹ́nikẹ́ wá ìyẹn.

Olùkọ́ Ìdánwò

Èmi ni mò ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ WAEC ní ilé-ìwé wa, ọ̀rọ̀ owó yín kò tíì dúró dáadáa. Lóde òní, òbí púpọ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé-ìwé tààrà. Kí ló gbé owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ ọmọ? Ọmọ tó gbọ́n á béèrè.

Bí ẹ bá fi ìtàn yín sí oṣù Kejì 2023, ó lè dúró. Ẹ rántí pé Báńkì Àpapọ̀ ní owó àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10 oṣù yẹn. Gbogbo ìlú dàrú, owó tuntun kò sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ń dákú. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Láàrin ìgbà yẹn, ìyá ọmọ tó ń tajà lọ́jà lè fi owó àtijọ́ rán ọmọ rẹ̀, kí bọ́sà sì kọ̀ ọ́ pé òun kò gbà á. Ohun tó fi owó náà sínú àpótí ọmọ nìyẹn. Ìjà tí Olóòtú ní kí ẹ jẹ́ kí bọ́sà bá a jà náà nìyẹn.

Ewu rẹ̀ sì ga. Ilé-ìwé ló ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lórí ìkànnì WAEC, wọ́n ń ya ìka wọn, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n á ti í pa. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé kí ọjọ́ náà tó pé ti pàdánù ìdánwò ilé-ìwé ọdún yẹn. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n bi ọmọ SS3 bóyá èyí kéré.

Fẹ́mi SS3

Kò kéré rárá, sà.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Tó bá jẹ́ owó àtijọ́ ni wọ́n jí, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà á, olè náà kò lè ná an. A jẹ́ pé kì í ṣe torí kó lè ná an ló ṣe jí i. Ìdí mìíràn ló ní. Bí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá lè ronú kan èyí, bọ́sà ti bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn, torí pé bọ́sà ló mọ̀ jù pé owó yẹn kò ṣeé ná.

Olùkọ́ Ìdánwò

Fẹ́mi, o ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Ṣakí

Mo fẹ́ mú nǹkan kan wá tí àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ irú ìwé yìí kò ní. Bí ẹlẹ́rìí bá ní, "Mo rí i, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ," kò tíì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò sì sẹ́ni tó máa fura sí i. Gbogbo ilé-ìwé lè máa wá ọmọkùnrin kiri fún odidi orí mẹ́rin.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "wọ́n". Ọmọ JSS1 kan wí pé, "Wọ́n jáde, wọ́n sì yà sápá òsì." Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ẹnìkan ṣoṣo ni. Àgbà ni, ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ọmọ Èkìtì Kete

Ó dára, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ náà ti wá ṣe pàtàkì. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ń sọ èdè ilé, a kì í fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo. Bàbá àgbà pàápàá, bí ẹnìkan ni a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ní ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà bọ̀wọ̀. Bí ọmọ JSS1 yẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkéré dé, tó sì ní "wọ́n", a jẹ́ pé èèyàn pọ̀ lóòótọ́.

Ọmọ Ṣakí

Ẹ wá wò ó bí ó ṣe dára tó! Ẹ fún wa ní ẹlẹ́rìí méjì nígbà náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ní "wọ́n jáde." Ọmọ Èkìtì ní "ó jáde." Àwọn olùkọ́ á ní ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu, wọ́n á ní ọ̀kan ń parọ́, wọ́n á sì da ẹ̀rí méjèèjì nù. Ẹnìkan náà ni wọ́n rí, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Ọmọ Èkìtì Kete

Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti jẹ́ ká gbọ́ ọmọ Èkìtì náà ní orí kan ṣáájú kó máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá a wí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ Èkó tó ń kà á á ní ẹ yàn án jẹ.

Àlàkẹ́ Onítàn

Ara mi ti yá gágá. Ṣùgbọ́n ó há mi: bí ẹlẹ́rìí bá ń bọ̀wọ̀, àgbà ni olè. Fẹ́mi sì ní òun kò fẹ́ àgbà.

Fẹ́mi SS3

Àǹtí, ní bọ́dìn, ọmọ JSS1 kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ SS3 bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. "Senior" ni wọ́n ń pè wá, "wọ́n" ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyà ni. Kí àwọn olùkọ́ rò pé àgbà ni. Kí wọ́n máa wá àgbà kiri. Senior ni.

Olóòtú Ìwé

Àlàkẹ́, má jẹ́ kí èyí bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Olùkọ́ Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ́ni. Níbí, ọmọ ń lọ sílé lọ́sàn-án, kámẹ́rà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù wà lápò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí níbí ní láti kọ́kọ́ ronú ohun tó máa ṣe sí fóònù kó tó ronú kan olè. Ilé-ìwé tí wọ́n ti fòfin de fóònù, ẹ̀bùn ni fún òǹkọ̀wé. Ẹ má kó fóònù wọ inú rẹ̀ rárá.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí mò ń kọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ prep. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn o. Ẹ jẹ́ kí aago lù kí àwọn ọmọ sáré, ó máa yé wọn.

Fẹ́mi SS3

Àǹtí Peckham, fóònù wà ní bọ́dìn, ma. Wọ́n ń gbẹ́ inú ìwé ńlá kí wọ́n fi í sí i, wọ́n ń rì í sínú gàrí pẹ̀lú ọ̀rá. Ẹ má yọ ọ́. Ẹni tó fi fóònù ya nǹkan ní alẹ́ yẹn kò lè mú un jáde láì jẹ́wọ́ pé òun ní fóònù, ìyẹn sì lè lé e nílé-ìwé nígbà tí WAEC ti sún mọ́lé. Ẹ̀rí wà, ẹni tó ni ín kò lè fi hàn.

Olùkọ́ Peckham

Èyí dára ju tèmi lọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n fi ti orúkọ kún un. Orúkọ wa ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá ń jẹ́ Ìdòwú, tó ń sọ fún gbogbo ilé-ìwé pé òun ni àkọ́bí ìyá òun, Yorùbá tó bá kà á dáadáa á béèrè pé àwọn ìbejì tó ṣáájú rẹ̀ dà. Ẹ kọ orúkọ náà sí orí kìíní, ẹ má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bàbá Àgọ́

Ó ku ibi tí wọ́n á ti mú olè. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lójú gbogbo ilé-ìwé ní asẹ́ḿbìlì, kí ọmọ SS2 gun orí pèpéle máa nàka sí senior rẹ̀. Mi ò mọ olùkọ́ tó máa jókòó wò ó.

Ọmọ Ọjà'ba

Bàbá, èmi fẹ́ asẹ́ḿbìlì o. Òǹkàwé ti dúró pẹ́, ó fẹ́ rí ojú olè nígbà tí àṣírí tú.

Ìyá Họ́sítẹ̀lì

Kó rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ àti olè nìkan, níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ, lọ́jọ́ Sátidé. Kí Mọ́rẹ́nikẹ́ wá pinnu bóyá òun máa sọ fún àwọn àgbà tàbí òun máa fún un ní ọjọ́ kan láti dá owó padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń fìyà jẹ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ọmọ Ọjà'ba

Mo ṣì fẹ́ asẹ́ḿbìlì.

Àlàkẹ́ Onítàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti Fẹ́mi. Bọ́sà máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jalè mọ́. Senior tó ń bá Mọ́rẹ́nikẹ́ wádìí ni yóò jí i, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọmọbìnrin tó ń gba owó náà ni. Oṣù Kejì 2023 ni màá fi ìtàn náà sí. Ọlọ́pàá ti lọ. Ti asẹ́ḿbìlì tàbí ibi ìsáṣọ, màá kọ méjèèjì kí n tó mú ọ̀kan.

Ìyá Họ́sítẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi yẹ àwọn wákàtí náà wò tí mo bá tò ó tán? Fẹ́mi, ṣé wàá lè bá mi ka ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ náà?

Ìyá Họ́sítẹ̀lì

Ẹ fi ránṣẹ́. Kí ẹ kọ orúkọ pírífẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn sí i, òun ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Fẹ́mi SS3

Mo lè kà á, ma. Kó ṣáà jẹ́ lẹ́yìn ìdánwò.